Kókó Orí Àpótí Fínígà

Tokyo, ogúnjọ́ oṣù Kẹfà

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òjò o, ẹ sì kú iṣẹ́ ìkòkò. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún ọ̀tún yẹn kò dà yín láàmú mọ́? Mo pè yín ní Sátidé, ẹ gbé fóònù, ẹ ní "Mo wà láàyè," ẹ sì gbé e kalẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn, Bàbá. Ìdí nìyí tí mo fi mú bíírò, torí ẹ kò lè gbé lẹ́tà kalẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ tán.

Kame, ohun mímu wa, ń tà. Àwọn tó ń bi mí pé ta ló máa ra fínígà dúdú tí wọ́n fi oyin àti omi ọsàn lú, tí wọ́n tún fẹ́ atẹ́gùn sí kó lè máa hó, àwọn náà ti ń rà á báyìí. Ilé ìtajà alájà mẹ́jọ kan ti ní àwọn fẹ́ gbé e sí ìsàlẹ̀ ilé wọn, níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ, láti oṣù Kẹwàá. Mo fò sókè nígbà tí mo gbọ́. Mo nílò fínígà ọlọ́dún mẹ́ta sí i lọ́wọ́ yín kíákíá.

Mo mọ̀ pé Màmá Sadae aládùúgbò wa ń ka ohun tí mò ń kọ sórí ayélujára fún yín. Ẹ má jẹ́ kó kó ìtìjú bá yín. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé náà ni mo ṣe ń sọ ọ́ níbẹ̀, àfi pé àwọn tó ń gbọ́ pọ̀ sí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí ẹni tí ìbẹ̀wò aládùúgbò bá ti sú kó ti ilẹ̀kùn, kó mu Kame kan, kó sùn. Inú àwọn èèyàn dùn sí i gan-an ni, wọ́n pín in káàkiri títí tí àwọn oníròyìn fi wá bi mí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn àárín ọdún tí a fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò ló kù. Láti ọjọ́ tí Màmá ti fi ayé sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ti gbàgbé rẹ̀ títí ooru fi tán, tẹ́ẹ wá ń pín ẹja gbígbẹ nínú ọ̀rá. Lọ́dún yìí, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Mo ti ṣe àpótí kan fún Kame, ó rẹwà débi pé mo gbé ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi. Ẹ fi orúkọ gbogbo ilé tó máa ń wá ṣe àáró Ọjọ́ Ìkòkò ránṣẹ́ sí mi, èmi á fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí wọn ní orúkọ yín.

Ọmọ yín aláriwo,
Kotoha


Hamanoue, ọjọ́ kẹta oṣù Keje

Kotoha ọmọ mi,

Mo gba lẹ́tà rẹ. Orúnkún ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi, ìyẹn náà tó. Òkè ayọnáyèéfín Sakurajima ń bu eérú sórí ìdérí ìkòkò láti ọjọ́ Mọ́ńdè, gbogbo àárọ̀ ni mo fi ń gbá a. Bí mo bá gbá a tán, á tún bu òmíràn. Òkè náà kò ní iṣẹ́ mìíràn.

Mo ti gbọ́n fínígà ọlọ́dún mẹ́ta sílẹ̀ fún ọ. Bí mo ṣe ń gbọ́n ọn ni mò ń bi ara mi pé kí ni fínígà yìí ṣẹ̀ tí ẹ fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú. Màmá rẹ fi í se ẹja, ó fi í pa ikọ́ mi, ó fi í nu dígí. Kò fẹ́ atẹ́gùn sí i rí. Ṣùgbọ́n mo mu ìgò tí o fi ránṣẹ́ níjọ́sí. Mo mu èkejì náà. Má kọ ìyẹn sórí ayélujára.

Sadae ń kà á lóòótọ́. Á dúró sí ẹnu ọ̀nà mi, á na fóònù sókè, á sì máa kà á kí gbogbo ìsàlẹ̀ òkè lè gbọ́. Èyí tí o sọ nípa títi ilẹ̀kùn mọ́ aládùúgbò, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Arimura bi mí pé, "Masuo, ṣé àwa ló ń bá wí?" Mo ní rárá, àwọn ará Tokyo ló ń bá wí, wọn ò tiẹ̀ mọ ojú aládùúgbò wọn. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pọ̀. Rọra máa lo ẹnu rẹ.

Nípa ẹ̀bùn, inú mi dùn. Mi ò mọ bí Màmá rẹ ṣe ń ṣe é. Ó kàn ń ṣe é ni, èmi á sì rí i pé àwọn èèyàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lójú ọ̀nà. Mo ti sọ fún gbogbo wọn pé lọ́dún yìí ọmọ mi ló ń ṣe é láti Tokyo. Orúkọ àwọn ilé náà wà nínú bébà kejì.

O mọ bí Ọjọ́ Ìkòkò ṣe rí. Èmi nìkan ò lè bu ìrẹsì àti omi sínú gbogbo ìkòkò tó wà ní pápá lọ́jọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe é pín sí ọjọ́ méjì, torí ti òní á ti máa hó kí ti ọ̀la tó bẹ̀rẹ̀. Bí kì í bá ṣe àwọn ilé wọ̀nyí, a ò ní fínígà. Ṣe ẹ̀bùn náà dáadáa.

Bàbá rẹ,
Masuo


Tokyo, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Keje

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ooru. Níbí, ó dà bí ẹni pé wọ́n ń se gbogbo wa pa pọ̀ nínú ìkòkò kan náà.

Àwọn àpótí ti kúrò lọ́wọ́ mi láàárọ̀ àná, gbogbo rẹ̀ ló máa dé kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Mo fi fọ́tò ọ̀kan sínú lẹ́tà yìí. Ẹ wo bébà funfun tó yí i ká. Ẹ wo okùn pupa àti funfun tó wà níwájú. Níbi tí mo ti lọ ṣe é, wọ́n fi oríṣiríṣi kókó hàn mí, gbogbo àwọn yòókù sì jọ okùn bàtà ọmọ ilé ìwé. Èyí tí mo mú yìí, etí rẹ̀ méjèèjì dúró ṣánṣán bí ìwo edé. Bàbá tó ń ṣe é bi mí pé, "Ṣé ó dá yín lójú?" Mo ní, "Ìgbà wo ni nǹkan kò dá mi lójú rí?"

Mo ti ta àpótí kan náà fún àwọn tó ń tẹ̀lé mi lórí ayélujára, kí àwọn náà lè fi ṣe ẹ̀bùn àárín ọdún. Ó tán kí n tó bọ́jú.

Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí oníkálukú bá sọ. Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, pàápàá Màmá Sadae. Ẹ má kàn kọ "wọ́n ní ó dára" fún mi.

Kotoha


Hamanoue, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹjọ

Kotoha,

Mi ò tètè kọ̀wé torí mò ń retí pé kí nǹkan yí padà kí n tó mú bíírò. Kò yí padà.

Ẹnì kankan ò sọ ohunkóhun nípa àpótí rẹ. Nígbà ayé Màmá rẹ, ọjọ́ tí ẹ̀bùn bá dé gan-an ni wọ́n máa ń wá dúpẹ́, tí wọ́n á gbé bàrà olómi dání. Lọ́dún yìí, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ títí ẹ̀fọn fi lé mi wọlé. Mo pàdé Arimura níbi tí wọ́n ti ń ta tófù. Mo ní, "Ooru yìí mà pọ̀ o." Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ó sanwó, ó lọ. Arimura tí a jọ máa ń ta ayò shogi, tí kì í lè dágbére láì kọ́kọ́ bú mi. Sadae náà ò wá ka fóònù rẹ̀ mọ́.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọjọ́ Bon, tí àwọn òkú ń padà wá kí ilé. Mo gbé àtùpà Màmá rẹ síta, mo gé èso, mo tẹ́ ẹní. Ẹnikẹ́ni ò yà wá tan tùràrí fún un. Wọ́n gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá lọ sí ibi ìsìnkú pẹ̀lú àtùpà tiwọn, wọ́n kí mi bí ẹni ń kí ọlọ́pàá.

Ṣé ohun mímu náà bà jẹ́ ni? Ṣé inú ló run wọ́n? Sọ òtítọ́ fún mi. Ọjọ́ Ìkòkò ti ń sún mọ́lé, mi ò sì mọ ẹni tó máa wá.

Bàbá rẹ


Tokyo, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹjọ

Bàbá mi,

Ẹ kú ìfaradà. Ohun mímu kò bà jẹ́. Mo ṣí ìgò mélòó kan lára àwọn tí a ṣe pọ̀ mọ́ tiyín, mo mu gbogbo rẹ̀, mo kàn ń gùnfẹ̀ láti àárọ̀ ni.

Lójú tèmi, ìlara ni. Àwọn tó sọ pé ọmọ Masuo ò ní lè se ìrẹsì jinná ti wá ń rí i nínú ìwé ìròyìn. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Bí wọn ò bá wá lọ́jọ́ Ìkòkò, màá gba àwọn géńdé láti ìgboro Kagoshima, wọ́n á gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá, wọ́n á parí iṣẹ́ kí ọ̀sán tó pọ́n. Wọn ò ní jẹ oúnjẹ yín, wọn ò ní bú yín. Ayé ti yí padà, Bàbá. Kò yẹ kí èèyàn máa wojú aládùúgbò kó tó lè ṣe fínígà.

Ti Màmá dùn mí gan-an. Mo tan tùràrí fún un níbí, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ òórùn èéfín sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké títí ẹni tó ń ṣọ́lé fi sáré gòkè wá.

Ohun kan tún ń yà mí lẹ́nu. Àwọn kan lára àwọn tó ra àpótí náà ti dá a padà. Wọ́n ní ohun mímu náà dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n kò bá ohun tí àwọn fẹ́ fi ṣe mu. Ẹnì kankan ò sọ ojú abẹ níkòó fún mi.

Kotoha


Hamanoue, ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án

Kotoha,

Sadae wá láàárọ̀ yìí. Kò jókòó. Ó gbé àpótí rẹ sórí àtẹ̀gùn, kò tíì ṣí i. Ó ní, "Masuo, ogójì ọdún ni mo ti ń gun òkè yìí wá bá ẹ ṣiṣẹ́. Bó ò bá fẹ́ kí n wá mọ́, ṣé o ò lè fi ẹnu sọ ọ́ ni?" Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Wo kókó."

Mo wò ó. Kókó labalábá ni wọ́n ń ta sórí ẹ̀bùn àárín ọdún, èyí tí èèyàn lè fà tú kó sì tún ta, torí a fẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ìwọ di tìẹ pa. Kókó tí kò ṣe é tú lo fi sí i, èyí tí à ń lò nígbà tí a ò bá fẹ́ kí nǹkan tún wáyé mọ́ láéláé. O fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ilé ní orúkọ mi, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbọ́ lẹ́nu rẹ pé kí èèyàn ti ilẹ̀kùn mọ́ aládùúgbò.

Màmá rẹ ì bá ti rí i láti òkèèrè. Èmi gba fọ́tò, mo ní ó rẹwà, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán rẹ̀.

Má kó géńdé kankan wá síbí.

Masuo


Tokyo, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹsàn-án

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀. Òótọ́ ni mo kúnlẹ̀, nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọ́fíìsì. Ọmọbìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rò pé yẹtí mi ló já bọ́, ó bá mi wá a.

Mi ò mọ̀, Bàbá. Màmá ló ń ta gbogbo kókó ilé wa, èmi á sì wà níta níbi tí mo ti ń bá èèyàn jiyàn. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń bá báǹkì sọ̀rọ̀, mi ò mọ ohun tí okùn ń sọ. Mo bi àwọn ọ̀rẹ́ mi. Àwọn kan ò mọ̀ bíi tèmi. Ọ̀kan mọ̀, ó ní, "Èmi rò pé o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, bó o ṣe máa ń sọ̀rọ̀ lórí ayélujára yẹn." Ìyẹn ló wọ̀ mí lára jù. Mo máa ń rò pé bí mo bá ti ń sọ òtítọ́, kò sẹ́ni tó máa ṣì mí gbọ́.

Mo ti ṣe ohun tó yẹ. Mo ya fídíò. Mo wọ aṣọ dúdú, mo tẹrí ba títí ẹ̀yìn fi ń ro mí, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ará Hamanoue. Èèyàn tó pọ̀ ti wò ó. Mo sì ti fi àpótí tuntun ránṣẹ́ sí gbogbo ilé. Kókó labalábá ló wà lórí rẹ̀, labalábá tó sanra, tí ẹni tí kò ríran á fi ọwọ́ mọ̀. Ọ̀la ni wọ́n máa dé.

Ṣé ó ti tán? Ẹ sọ fún mi pé ó ti tán.

Kotoha


Tokyo, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹsàn-án

Bàbá mi,

Ẹ kò fèsì. Mo pe fóònù ilé, ó ń dún lásán. Mo pe ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n ní àwọn rí yín ní pápá tí ẹ ń gbá eérú. Ara yín yá nìyẹn, inú ló kàn ń bí yín.

Ẹ bú mi. Ó ti mọ́ mi lára, ojoojúmọ́ ni àwọn tí mi ò mọ̀ rí ń bú mi lórí ayélujára, mo sì ń jẹun sùn. Ṣùgbọ́n èyí tẹ́ẹ ò bú mi yìí, mi ò lè jẹun sí i. Ẹ kọ ìlà kan péré.

Kotoha


Hamanoue, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹsàn-án

Kotoha,

O ní kí n bú ọ. Òmùgọ̀ ni ọ́. Ó parí, jẹ́ ká sọ̀rọ̀.

Sadae wo fídíò rẹ. Ó ní o tẹrí ba dáadáa, ẹ̀yìn rẹ tọ́, àmọ́ fóònù lo tẹrí ba fún, fóònù kọ́ lo sì ṣẹ̀. Àpótí kejì dé. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ pín ẹrù gbé e lé oníkálukú lọ́wọ́, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí bébà rẹ̀, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn wá sọ́dọ̀ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń kó wọn jọ síwájú ilé láì kan ilẹ̀kùn. Ẹnu ọ̀nà mi ti dí. Ojú fèrèsé ilé ìdáná ni mò ń gbà jáde lọ sí pápá, pẹ̀lú orúnkún yìí.

Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ èyí tó kàn, ìdí nìyẹn tí mo fi dákẹ́. Ọjọ́ Ìkòkò bọ́ sí Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹwàá. Bí ẹnikẹ́ni ò bá wá, màá ti pápá náà pa. Kì í ṣe torí ìbínú. Mo ti dàgbà. Mo lè kún ìkòkò mélòó kan fún ẹnu ara mi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́ á parí síbẹ̀, Kame rẹ á sì lọ wá fínígà síbòmíràn.

Àwọn géńdé rẹ lè gbé omi, mi ò jiyàn. Bí wọ́n bá lọ tán, tí ìjì ṣí ìkòkò lójú oorun mi, ta ló máa wá kan ilẹ̀kùn fún mi? Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí mi ò jí, ta ló máa mọ̀? Màmá rẹ kò sí níbí mọ́, Kotoha. Àwọn ni mo ní.

Níbí, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tọrọ àforíjì. Máa bọ̀. Má gbé ohunkóhun tó ní okùn lára dání.

Bàbá rẹ


Tokyo, ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹsàn-án

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo dé láyọ̀. Ìgò ọtí ọ̀dùnkún tí ẹ fi sínú báàgì mi fọ́ kí n tó dé Hakata, gbogbo ọkọ̀ ojú irin ló mọ ibi tí mo ti ń bọ̀.

Ọjọ́ méjèèjì tí mo lò lọ́dọ̀ yín ò kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí a dé ilé Bàbá Arimura, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ́ sórí, wọ́n sì ní, "Ìwọ tó o máa ń sọ̀rọ̀ bí àdá, kí ló dé tó ò ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá báǹkì?" Mo bá sọ ọ́ bó ṣe rí. Mi ò mọ kókó, mi ò bi ẹnikẹ́ni, mo rò pé mo mọ̀, ẹ má bínú. Wọ́n ní, "Ẹ mu tíì." Ilé tó tẹ̀ lé e, tíì. Òmíràn, tíì àti ọ̀dùnkún sísè. Kí a tó dé ọ̀dọ̀ Màmá Sadae, omi ti ń mì nínú ikùn mi bí mo ṣe ń rìn.

Ní gbogbo ilé lẹ dúró sẹ́yìn mi, bí mo bá tẹrí ba, ẹ̀yin náà á tẹrí ba. Ẹ̀yin tí ẹ ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Mo rí bí orúnkún yín ṣe ń gbọ̀n lórí àtẹ̀gùn Màmá Sadae. Mo sunkún nínú ọkọ̀, kì í sì í ṣe nítorí ọtí tó fọ́.

Ohun tí mi ò lóye ni pé ẹnì kankan ò sọ pé òun máa wá. Bàbá Arimura ní, "Bí ojú ọjọ́ bá dára." Màmá Sadae ní, "A óò máa wò ó." Ṣé bẹ́ẹ̀ ni nìyẹn àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ní Tokyo, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Ó dùn mí pé Sọ́ńdè yẹn gan-an ni ilé ìtajà ń gbé Kame síta. Mo fẹ́ pa á tì kí n wá, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi ní ibùdókọ̀ pé kí n má ṣe òmùgọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kan.

Ẹ gbọ́ èyí, ó máa pa yín lẹ́rìn-ín. Mo ti fẹ́ dáná sun àwọn àpótí olókùn dídì pa tó kù sí mi lọ́wọ́. Obìnrin kan ní Nagano kọ̀wé sí mi. Ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé ìwòsàn, ó fẹ́ fi ohun mímu wa dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó wá bẹ ọkọ rẹ̀ wò, ó sì ní kókó yẹn gan-an ló yẹ ẹ́, kí àìsàn náà má bàa padà wá mọ́. Mo sáré lọ sọ fún ilé ìtajà. Wọ́n ti wá àyè sílẹ̀ fún un láàárín àwọn ẹ̀bùn ẹni tí ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yá. Mo kọ ọ́ sórí ayélujára pé òmùgọ̀ ni mí, àti pé òmùgọ̀ náà ń tà á.

Àmọ́ bí Tokyo lápapọ̀ bá rà á tí pápá yín ṣófo, kò lérè lójú mi. Bí wọ́n wá, bí wọn ò wá, ẹ kọ̀wé sí mi kíákíá.

Kotoha


Hamanoue, ọjọ́ keje oṣù Kẹwàá

Kotoha ọmọ mi,

Gbogbo ẹ̀yìn ló ń ro mí, nítorí náà fara da ọwọ́ ìkọ̀wé yìí.

Ojú ọjọ́ dára lánàá. Mo ti wà ní pápá kí oòrùn tó yọ. Mo ti se ìrẹsì, mo ti to garawa sílẹ̀ fún ọwọ́ gbogbo wọn, mo wá jókòó lórí òkúta. Oòrùn yọ lórí òkun. Ẹnikẹ́ni ò wá. Mo dúró títí ìrẹsì fi tutù, mo bá dìde, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́ lémi nìkan. Mi ò ní purọ́ fún ọ, omijé bọ́ lójú mi. Mò ń bá Màmá rẹ sọ̀rọ̀, mo ní ibi tí mo lè gbé e dé nìyí.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn Sadae láti ìsàlẹ̀ òkè. Ṣé o mọ ibi tí wọ́n wà? Gbogbo wọn ti kóra jọ sórí afárá láti àfẹ̀mọ́jú. Oníkálukú ń dúró kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ gòkè, kí wọ́n má bàa ní òun ló tètè tú ojú ká. Arimura ń wo òkun. Àwọn yòókù ń wo Arimura. Sadae ní, "Ojú ọjọ́ ti dára láti ìdájí, ẹsẹ̀ mi ò sì lè dúró de ìgbéraga yín," ó sì gòkè. Ni wọ́n bá tẹ̀ lé e. Nígbà tí Arimura dé ọ̀dọ̀ mi, ó wo ìkòkò tí mo ti kún, ó ní, "O bu omi jù, àgbàyà." Inú mi dùn, mo na garawa sí i.

A parí kí oòrùn tó wọ̀. Èmi fúnra mi ni mo wọ́n ìwúkàrà sójú omi, ó sì léfòó bó ṣe yẹ. A jókòó, a jẹ ẹja, a mu. Ọ̀rọ̀ wá kan àáró tèmi, ẹni tó máa lọ bá wọn wa ọ̀dùnkún lóṣù tó ń bọ̀, torí gbogbo wọn ló ti rí orúnkún mi. Mo ní màá wá, bí wọ́n bá lè gbé àga fún mi. Arimura ní, "Ṣé Masuo ò lọ́mọ ni?" Sadae ní, "Ó lọ́mọ. Ọmọ náà lẹ́nu, gbogbo wa la mọ ìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá ó lọ́wọ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ilé tí o máa kọ́kọ́ dé.

Láti ọjọ́ tí Màmá rẹ ti lọ, bí wọ́n bá ń pín iṣẹ́, ẹnì kan ni wọ́n ń kà sí ilé wa. Lánàá, wọ́n ka méjì.

Ilé Arimura lo ti máa bẹ̀rẹ̀, lọ́sẹ̀ kejì oṣù Kọkànlá. Mi ò bi ọ́ kí n tó gbà fún wọn. Ra bàtà rọ́bà.

Bàbá rẹ,
Masuo